Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọdọ̀ Dáwọ́ Dúró

Bí dókítà bá sọ fún ará Ayọ̀bọ̀ kan pé ìtànṣán ni jẹjẹrẹ ara rẹ̀ ń fẹ́, kó yáa wá owó ọkọ̀. Yóò wọ ọkọ̀ dé Ìyànà-Ìpájà, yóò wọ òmíràn dé Ọ̀ṣòdì, kó tó forí lé Ìdí-Àràbà níbi tí ilé ìwòsàn LUTH wà. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè ni, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ta ìtànṣán náà síni lára, kí ibi tí àrùn ò sí lè rí àyè sinmi. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni èèyàn ń lò lórí ibùsùn ẹ̀rọ. Ojú títì ló ń jẹ ìyókù ọjọ́.

Oṣù Kejì ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdó jẹjẹrẹ tó wà nínú ọgbà LUTH. Àjọ NSIA, tó ń tọ́jú owó ìfipamọ́ orílẹ̀-èdè yìí, ló ná mílíọ̀nù 11 dọ́là lé e lórí. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni wọ́n gbé síbẹ̀, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní lìnákì. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá rówó ló ń gba Ghana tàbí India lọ. Ẹni tí kò rówó ń dúró de ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2022, àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lé ní 127,000, àwọn tó sì pa lé ní 79,000. Nínú aláìsàn méjì, bí ẹnì kan ló máa ń nílò ìtànṣán.

Wáyà kan tó gbóná janjan nínú lìnákì ló ń tú ẹ́lẹ́kítírọ̀nù jáde sínú ọ̀pá bàbà tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Ìgbì bíi ti máíkíróweefù tó ń gbé oúnjẹ gbóná ló ń tì wọ́n lẹ́yìn, títí eré wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Wọ́n á sọ lu irin tungsten, X-ray á jáde. Àwọn ewé irin pẹlẹbẹ á wá rọra súnmọ́ra, á tún yàgò fúnra wọn, títí àlàfo àárín wọn á fi rí gẹ́lẹ́ bí kókó jẹjẹrẹ náà ṣe rí.

Ẹni tí a kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ ni onímọ̀ físíìsì ìṣègùn. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, àmọ́ òun ló ń ṣírò ibi tí ìtànṣán máa gbà wọlé àti ìwọ̀n tí yóò jẹ́. Lárààárọ̀, kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé, wọ́n gbọdọ̀ ti gbé ohun èlò tó ń wọn ìtànṣán sábẹ́ ẹ̀rọ náà, kí wọ́n tan án, kí wọ́n sì fi iye tó bá jáde wé iye tó yẹ kó jẹ́. Bí ìyàtọ̀ bá ju mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gorí ibùsùn títí onímọ̀ yìí yóò fi rí ìdí rẹ̀. Èmi gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí aláìsàn wà bó ṣe wà lọ́wọ́ dókítà.

Ohun tó ń da àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú yìí láàmú jù ni kí ẹ̀rọ dúró. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń ba ohun èlò inú rẹ̀ jẹ́, omi tó ń tù ú gbọdọ̀ wà ní ìwọ̀n kan náà nígbà gbogbo, afẹ́fẹ́ ò sì gbọdọ̀ yọ́ wọ inú ọ̀pá bàbà yẹn. Lọ́dún 2020, ìwádìí kan jáde tó gbé lìnákì Nàìjíríà, Botswana àti Britain sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Taofeeq Ige àti Simeon Aruah ti National Hospital, Àbújá, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ tiwa ń dákẹ́ pẹ́ ju ti Britain lọ, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá. Jẹjẹrẹ kì í sì í dúró de ẹnjiníà. Ọjọ́ tí ìtọ́jú bá dáwọ́ dúró, àrùn náà ń hù padà.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní STELLA: lìnákì tuntun tí ooru àti iná ségesège ò ní tètè ṣẹ́gun, tí ẹni tó wà nítòsí lè yọ apá tó bàjẹ́ kó sì fi òmíràn sí i.

Àwọn onínúkílíà náà ń wá ẹ̀rọ tí kò ní máa dáwọ́ dúró. Ní Mol, ní Belgium, wọ́n ń kọ́ MYRRHA, níbi tí ẹ̀rọ gígùn kan yóò ti máa ta pùrótọ́ọ̀nù sínú iná núkílíà tí kò lè dá jó. Bí ẹ̀rọ náà bá dúró, iná náà á kú. Ààbò rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ìdádúró lemọ́lemọ́ á máa ba irin inú rẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ti là á sílẹ̀ pé láàárín oṣù mẹ́ta, ìdádúró tó bá ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá. Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ẹ̀rọ tó jẹ́ ìbátan wọn: láti bí ọdún 2008 ni ọ̀kan ti wà ní CERD, ibùdó ìwádìí agbára ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Kì í ṣe ìtọ́jú ni wọ́n ń fi í ṣe, bí kò ṣe àyẹ̀wò èròjà inú nǹkan bí erùpẹ̀ àti eruku. Irú ibẹ̀ ló yẹ kí ìjọba ti máa kọ́ àwọn tí yóò tún lìnákì ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún kéde pé àwọn fẹ́ ra lìnákì, ẹ má jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ lórí iye ẹ̀rọ nìkan. Ẹ jẹ́ ká béèrè ibi tí iná rẹ̀ máa ti wá, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa tún un ṣe, àti iye owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun èlò rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.