Ta Ni Àgbẹ̀ Kòkó Yóò Fẹjọ́ Sùn?

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Geneva fọwọ́ sí ìlànà 31 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n John Ruggie là sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí òwò wọn kọjá ààlà orílẹ̀-èdè kan. Bí a bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: kí ìjọba dáàbò bo ará ìlú, kí ilé-iṣẹ́ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ẹni tí òwò rẹ̀ bá kàn, kí ẹni tí a bá ṣẹ̀ sì rí ibi tí yóò ti gba àtúnṣe. Lórí èkíní àti èkejì, ọ̀rọ̀ dídùn kò wọ́n wa. Ẹ̀kẹta ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa bá wa yẹ̀ wò, nítorí òun gan-an ni a kò rí ní Àkànràn, tí a kò rí ní Lálúpọn, tí a kò sì rí ní àwọn abà tí ó yí Ẹgbẹ́dá ká.

Ọ̀ràn àgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ òkè òkun kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1937 ni United Africa Company àti àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù mìíràn tí ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mulẹ̀ pé àwọn kò ní máa bá ara àwọn du kòkó mọ́. Iye owó tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni olúkúlùkù yóò san, wọn yóò sì pín ohun tí wọ́n bá rà láàárín ara wọn. Ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, àwọn àgbẹ̀ di kòkó wọn mú, wọn kò tà á títí di oṣù kẹrin ọdún 1938. Níhìn-ín, ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement ni ó gbé ohùn sókè. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ William Nowell wá wádìí, ìgbìmọ̀ náà sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n pa ìmùlẹ̀ náà tì. Ẹ kíyè sí i pé ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kò na àgbẹ̀ ní pàṣán, wọn kò sì já àpò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n kàn fẹnu kò nínú yàrá tí àgbẹ̀ kò sí ni.

Lẹ́yìn ogun Hitler, ní ọdún 1947, ìjọba dá Cocoa Marketing Board sílẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ sì di aṣojú tí ń bá a ra kòkó. Owó kòkó kọ́ ilé-ìwé, òun náà ni ó kọ́ Cocoa House tí ó parí ní Ìbàdàn ní 1965. Ẹni tí ó bá fi ojú kékeré wo ìyẹn kò ṣe òtítọ́. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí olùyẹ̀wò kòkó bá rẹ́ jẹ kò rí ẹni fẹjọ́ sùn, owó orí sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 1968 àti 1969 àwọn Àgbẹ̀kòyà dìde, Tafa Adéoyè ti Àkànràn sì wà lára aṣáájú wọn. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kí ìjọba tó dín owó orí náà kù sí pọ́n-ùn méjì. A kò yin ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ kò rí etí tí yóò gbọ́ ọ.

Ìjọba tú àwọn Board náà ká ní 1986. Láti ìgbà náà, ẹni tí ń ra kòkó ní abà á tà á fún oníṣòwò ìlú, oníṣòwò ìlú á tà á fún ẹni tí ń kó o sọ́kọ̀ òkun, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ṣokoléètì á sì rà á ní èbúté. Ní ọdún 2024 tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà New York. Ní 2025 ó já wálẹ̀ gidigidi. Bí òṣùwọ̀n bá jẹ àgbẹ̀ ní kílò mẹ́ta lórí àpò kan, ta ni yóò bi? Ilé-iṣẹ́ ńlá a máa dáhùn pé àwọn kò mọ̀ ọ́n rí, ọwọ́ oníṣòwò ni àwọn ti rà á.

Àwíjàre yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 kọ kòkó tí ó bá ti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 wá, ó sì ní kí ẹni tí ó bá kó kòkó wọlé fi àmì ibi tí oko náà wà gan-an hàn. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti yé gbogbo oníṣòwò. Ilé-iṣẹ́ tí ó mọ ibi tí igi kòkó dúró sí, ṣé yóò tún sọ pé òun kò mọ ẹni tí ó gbìn ín?

Yíyà àwòrán oko yìí pàápàá ní ewu tirẹ̀. Orúkọ ta ni wọn yóò kọ sí i: ti onílẹ̀ ni, tàbí ti ẹni tí ó ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ láti ìgbà baba rẹ̀? Opó tí ń tọ́jú oko ọkọ rẹ̀ ń kọ́, tí àbúrò ọkọ sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Lónìí tí ilé ń jẹ oko ní Ọ̀nà-Àrà àti Ẹgbẹ́dá, ìwé tí ó ní àwòrán ilẹ̀ nínú kì í ṣe ohun eré. Àgbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe, kí wọ́n ka á sí i létí ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún un.

Ọ̀ràn ọmọdé tún wà níbẹ̀. Ní 2001 àwọn ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì fọwọ́ sí ìwé ní Amẹ́ríkà láti fòpin sí iṣẹ́ tí ó burú jù lọ fún ọmọdé nínú oko kòkó. Ọdún 2005 tí wọ́n dá kọjá, wọ́n sì tún dá òmíràn. Ọmọ tí ń bá baba rẹ̀ kó kòkó lẹ́yìn ilé-ìwé ń kọ́ṣẹ́ ni. Èyí tí a gbé wá láti ọ̀nà jíjìn, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé orúkọ ilé-ìwé kankan, tí ó sì ń fín kòkó láìbo imú, ẹrú ni, ẹ̀yin olùkọ́ sì mọ ìyàtọ̀ náà ju àlejò tí ó wá fún ọjọ́ méjì lọ.

Ní ìhà Akínyẹlé, níbi tí wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, oògùn koríko ni ọ̀ràn tiwọn. Ilẹ̀ Switzerland ti fòfin de paraquat láti 1989. Síbẹ̀ Syngenta, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Basel ní ilẹ̀ yẹn kan náà, ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tà á fún àwọn ẹlòmíràn fún ọdún pípẹ́. Ó di 2024 kí NAFDAC tó fòfin dè é níhìn-ín. Ohun tí a kò lè fín sí ọgbà nílé, kí ni a ń gbé e lọ sí oko ẹlòmíràn fún?

Àwọn kan yóò ní ilé ẹjọ́ wà. Ní 2021 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà da ẹjọ́ tí àwọn ará Mali mẹ́fà pe Nestlé àti Cargill nù, pé ohun tí wọ́n rojọ́ rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní London gbà pé àwọn ará Ogale àti Bille lè pe Shell lẹ́jọ́ níbẹ̀. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kúrò ní Lálúpọn lọ sí London nítorí àpò kòkó méjì?

Nítorí náà, nítòsí ni a fẹ́ ẹ. Kí ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ èrè kòkó àgbègbè yìí yan ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn mọ ilé rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ń jókòó. Kí ó kọ ẹjọ́ sílẹ̀, kí ó sì dáhùn láàárín oṣù kan. Kí òṣùwọ̀n tí a ti yẹ̀ wò wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí àgbẹ̀ lè tún àpò rẹ̀ wọ̀n. Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ kànga, kí wọ́n kọ orúkọ wọn gàdàgbà sí i lára, kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Omi dára, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni, kì í ṣe owó kílò mẹ́ta.

Oṣù kẹwàá ni ìkórè ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ bi káńsílọ̀ yín kí ó tó di ìgbà náà, kí ó sọ ilé-iṣẹ́ tí kòkó wọ́ọ̀dù rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ̀yin olùkọ́ sì bá àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà, kí ẹ pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ fi í ránṣẹ́ sí orí rẹ̀.