Bí Tọkọtaya Bá Fẹ́ Fi Ẹsẹ̀ Rin Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan wà tí àwọn ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ rìn fún oṣù márùn-ún sí méje. Wọn kò lọ sí oko, wọn kò sì ná ọjà. Wọ́n kàn fẹ́ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni. Appalachian Trail ni wọ́n ń pè é. Orí òkè Springer ní ìpínlẹ̀ Georgia ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó la ìpínlẹ̀ 14 kọjá, ó sì parí sí orí òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 2,190 máìlì, èyí tí í ṣe nǹkan bí 3,500 kìlómítà. Benton MacKaye ni ó dá àbá rẹ̀ ní ọdún 1921, wọ́n sì là á parí ní ọdún 1937.

Ẹ lè béèrè pé kí ni èyí kan ìwé ìlera ìdílé. Ó kàn án púpọ̀. Tọkọtaya wà lára àwọn tí ń rin ọ̀nà yìí, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ẹni mẹ́rin tó bá gbéra láti rìn ín já, nǹkan bí ẹnì kan ni ó ń dé òpin. Ẹ má ṣe rò pé béárì inú igbó ni ó ń lé àwọn yòókù padà. Ẹsẹ̀ tó bó, orúnkún tó wú, inú tó ń ṣu gbuuru, owó tó tán, àárò ilé: irú nǹkan báwọ̀nyí ni.

Ilé ni tọkọtaya ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, nídìí ẹrù. Ohun gbogbo tí wọn yóò lò ni wọn yóò kó sínú àpò tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì máa ń sọ pé kí ẹrù náà má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ẹni tó gbé e. Àǹfààní ẹni méjì hàn níbi yìí: àgọ́ kan, ìkòkò kan àti sítóòfù kan tó fún wọn, wọn yóò sì pín in gbé. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìrìn fúnra rẹ̀. Ìrìn ẹni tí kò lágbára tó ni àwọn méjèèjì yóò máa rìn. Ọ̀pọ̀ ọkọ ni ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sáré ṣíwájú yóò jókòó dúró náà ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ orí dẹ́rù bà yín. Ìyá ọlọ́mọ 11 ni Emma Gatewood, ẹni ọdún 67 sì ni nígbà tó dá nìkan rin ọ̀nà náà já ní ọdún 1955. Ní ọdún tó ṣáájú, ó ti gbìyànjú rẹ̀ láti ìhà Maine, ó ṣìnà, awò ojú rẹ̀ fọ́, ó sì padà sílé. Nígbà tó tún lọ, àpò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni ó gbé kọ́ èjìká, bàtà kánfáàsì ni ó wọ̀, aṣọ ìkélé ilé ìwẹ̀ ni ó sì fi ń gba òjò. Ohun tó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni pé òun ń lọ rìn. Èmi kò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tiyín o.

Nípa ti ẹsẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò yìí ní òfin kan tó wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá wọ bàtà. Bí ibì kan lẹ́sẹ̀ bá ti ń gbóná, kí ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì fi pílásítà bo ibẹ̀. Ẹni tó bá ní òun yóò dé orí òkè náà kí òun tó dúró yóò bá ìléròrò níbẹ̀. Bí ó bá sì ti lé, ẹ má ṣe bẹ́ ẹ.

Ikùn ni ó tẹ̀ lé e. Omi odò òkè a máa mọ́ lójú, síbẹ̀ kòkòrò àrùn lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń sè é títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, tàbí kí wọ́n sẹ́ ẹ kí wọ́n sì fi oògùn apakòkòrò sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìgbẹ́, wọn yóò rìn tó 70 ìgbésẹ̀ kúrò létí omi, wọn yóò gbẹ́ ihò tó jìn tó ínǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọn yóò sì bò ó. Ní ọdún 2022, lójú ọ̀nà mìíràn bí irú èyí, Pacific Crest Trail, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru kọlu àwọn arìnrìn-àjò ní ìpínlẹ̀ Washington. Àrùn norovirus, tó sábà máa ń fa irú èyí, kì í gbọ́ ti ọtí ìpawọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Ọṣẹ àti omi ni ó ń kápá rẹ̀.

Eégbọn náà wà nínú igbó ibẹ̀ tó ń fa àrùn Lyme. Ní alaalẹ́, tọkọtaya ń yẹ ara wọn wò: ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, àárín irun, àti ibi gbogbo tí ojú ẹni kò lè dé. Bí a bá tètè yọ eégbọn náà kúrò, àrùn náà kì í sábà ráyè wọlé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ ojú ọ̀nà wá ńkọ́? Àwọn tí kò mọ ara wọn rí ni wọ́n ń di ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Wọ́n a máa fún ara wọn ní orúkọ ìnagijẹ, orúkọ náà sì ni gbogbo ènìyàn yóò máa pe ẹni náà títí dé Maine. Àwọn ará ìlú tó wà nítòsí a máa gbé omi àti oúnjẹ wá sí etí títì fún wọn láìgba kọ́bọ̀. Áńgẹ́lì ojú ọ̀nà ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìsinmi tó wà lójú ọ̀nà, ìwé kan wà tí ẹni tó bá dé ń kọ orúkọ àti ọjọ́ sí. Ó dà bí eré, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń wá ẹnì kan, ìwé yẹn ni yóò sọ ibi tí a ti rí i gbẹ̀yìn.

Ní ọdún 2013, ní ìpínlẹ̀ Maine, obìnrin kan yà kúrò lójú ọ̀nà láti lọ tura, kò sì rí ọ̀nà náà mọ́. Ọkọ rẹ̀ ń fi mọ́tò pàdé rẹ̀ ní ibi tí ọ̀nà ti gba títì kọjá. Ẹni tí wọ́n jọ ń rìn ti padà sílé ṣáájú. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú igbó náà. Wọ́n wá a títí. Ọdún 2015 ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀, ohun tó kọ sílẹ̀ sì fi hàn pé ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàyè níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ yà sínú igbó, kí ẹnìkejì dúró sójú ọ̀nà, kí ohùn wọn má jìnnà síra wọn. Bí ọ̀nà bá sì ti pòórá, kí ẹni náà dúró lójú kan, kí ó sì máa fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò pọn dandan kí ẹ dé Amẹ́ríkà. Ní ilẹ̀ wa, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà fi ẹsẹ̀ kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ọjọ́ márùn-ún ni. Ẹ jọ rìn ín ní ìdájí kí oòrùn tó mú, ẹ sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí àyà máa ń dùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ní láti máa ki ọwọ́ bọ inú bàtà rẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ lè wà níbẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má mọ̀ ọ́n lára. Kí ó sì jẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ bá a wo àtẹ́lẹsẹ̀ ní alaalẹ́.