Mera, Merami, Merazooma: Gbígbá Géèmù Tí Mi Ò Gbọ́ Èdè Rẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá rí géèmù tí mò ń gbá máa ń bi mí: ṣé mo gbọ́ èdè Japan ni? Mi ò gbọ́ ọ. Mo lè ka lẹ́tà wọn, mo sì mọ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá kọ orúkọ ọfọ̀ méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà síwájú mi, ó ṣòro kí n má mọ èyí tó le jù. Ohun tí a ń kọ́ nínú kíláàsì fonọ́lọ́jì ló ń bá mi ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀ níbí.

Orúkọ géèmù náà ni Dragon Quest Monsters: Terry no Wonderland. Iléeṣẹ́ Enix ló gbé e jáde ní Japan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998 fún Game Boy, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́gbé ti Nintendo. Ẹ̀ka ni lára Dragon Quest ńlá. Terry tó jẹ́ jagunjagun nínú Dragon Quest VI ti ọdún 1995 la tún bá pàdé níbí, ṣùgbọ́n ọmọdé ni. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ, ó sì tẹ̀ lé abàmì ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Watabou wọ ìlú Taiju. Wata ni òwú. Ẹni tó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ń jẹ́ Warubou, waru sì ni burúkú. Kí wọ́n tó la ẹnu ni orúkọ ti tú àṣírí wọn.

Terry fúnra rẹ̀ kì í jà. Ẹ̀dá mẹ́ta ló ń kó lẹ́yìn, àwọn ló ń jà fún un. Oríṣi 215 ni wọ́n, ìdílé mẹ́wàá ni wọ́n pín sí, ẹran la sì fi ń tan èyí tó wà nínú igbó kó lè bá wa lọ. Ṣùgbọ́n adùn géèmù yìí gan-an wà nínú àdàpọ̀. Bí akọ kan àti abo kan bá ti dé ìpele kẹwàá, a lè so wọ́n pọ̀. Àwọn méjèèjì á lọ, ọmọ wọn á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpele àkọ́kọ́ pẹ̀lú ogún ọfọ̀ tó jẹ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ọfọ̀ mẹ́jọ péré ni ẹ̀dá kan lè gbé. Nítorí náà, ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń yàn. Ẹni tí kò lè ka ọfọ̀ lè fi ẹ̀dá rẹ̀ tó dára jù ṣòfò nínú àdàpọ̀ kan ṣoṣo, kò sì sí bó ṣe máa rí i gbà padà.

Ìkọ̀wé inú rẹ̀ kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ojú Game Boy kéré débi pé kanji, àwọn àmì ọlọ́pọ̀ ìlà tó ń dẹ́rù bani yẹn, kò rí àyè níbẹ̀. Hiragana àti katakana nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́. Lẹ́tà ìpìlẹ̀ 46 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìró ni wọ́n sì dúró fún. Ohun kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Bí àwọn ará Japan bá fẹ́ sọ ka di ga, ta di da, sa di za, tàbí ha di ba, ìlà kékeré méjì ni wọ́n máa ń fi sí èjìká lẹ́tà náà lápá ọ̀tún. Èyí túmọ̀ sí pé ojú lásán lèèyàn lè fi rí kọ́ńsónáǹtì akùnyùn.

Ó wá kan ọfọ̀. Ti iná ni Mera, Merami, Merazooma. (Mera-mera ni wọ́n ń lò fún iná tó ń jó bùlàbùlà, ó sì jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un.) Ti ìjì ni Bagi, Bagima, Bagikurosu. Ti ìbúgbàù ni Io, Iora, Ionazun. Gira, Begirama àti Begiragon tún wà, àti ti yìnyín: Hyado, Hyadaruko, Mahyado. Èyí tó ń wo ọgbẹ́ ni Hoimi, Behoimi, Behoma, Behomaraa, Behomazun. Bí mo ṣe tò wọ́n yẹn náà ni agbára wọn ṣe ń gòkè.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti gé wọn sí mọ́fíìmù, bí a ṣe máa ń ṣe pẹ̀lú dátà èdè tí a kò mọ̀. Be- wà nínú Behoimi, ó wà nínú Begirama, ó dà bí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ gidi. Ṣùgbọ́n yìnyín kò mọ Be- rárá, Ma- ló ń lò. Behomazun ń wo gbogbo ẹgbẹ́ sàn, Ionazun ń lu gbogbo ọ̀tá, ẹnì kan lè sọ pé -zun ni "gbogbo". Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí Io kékeré náà ń lu gbogbo ọ̀tá. Mo tún wo gígùn. Mórà ni wọ́n fi ń wọn ọ̀rọ̀ ní Japan: fáwẹ̀lì gígùn jẹ́ méjì, n tó parí sílébù sì jẹ́ ọ̀kan fúnra rẹ̀, bí àránmúpè aṣesílébù tiwa nínú òroǹbó. Mera jẹ́ méjì, Merami mẹ́ta, Merazooma márùn-ún. Ó dára. Àmọ́ Behoma jẹ́ mẹ́ta, Behoimi tó ga jù lọ jẹ́ mẹ́rin. Mahyado náà kúrú ju Hyadaruko lọ.

Nígbà tí mo wá ka b, d, g àti z nìkan, kò sí ọfọ̀ kankan tó yapa. Gira ní ọ̀kan, Begirama méjì, Begiragon mẹ́ta. Mera àti Merami kò ní rárá, Merazooma ní ọ̀kan. Hoimi kò ní, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ní ọ̀kan ọ̀kan, Behomazun ní méjì. Ti yìnyín dúró sórí ọ̀kan, ti ìjì dúró sórí méjì. Nínú ìdílé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, iye yẹn lè dúró sójú kan, ó sì lè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò dín kù rí bí agbára ṣe ń gòkè. Inú ìdílé kan náà ni o, torí Bagi tí kò tó nǹkan ní méjì nígbà tí Merazooma tó ń jó ọ̀tá di eérú ní ọ̀kan.

Kì í ṣe géèmù yìí nìkan ni. Ní ọdún 2018, Shigeto Kawahara ti Yunifásítì Keio àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí orúkọ àwọn ẹ̀dá Pokémon. Wọ́n rí i pé bí ẹ̀dá bá ṣe tóbi tó, tó wúwo tó, tó sì ti dàgbà dé ìpele gíga, ni mórà àti kọ́ńsónáǹtì akùnyùn bíi b, d, g àti z ṣe máa ń pọ̀ nínú orúkọ rẹ̀. Etí àwọn ará Japan ń gbọ́ ìwúwo nínú àwọn ìró yẹn. Ohùn ni àwa fi ń ṣe tiwa: ohun tó rí ròbòtò tóbi ju èyí tó rí róbótó lọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wa níléèwé. Ní ti ọfọ̀ pàápàá, ṣebí àwọn tó ń pe ọfọ̀ nílé wa ń wá ọ̀rọ̀-ìṣe tí ìró rẹ̀ bá orúkọ nǹkan mu ni?

Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì wà, wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lóṣù kìíní ọdún 2000. Níbẹ̀, Blaze, Blazemore àti Blazemost ni ọfọ̀ iná. Ó mọ́ gaara, mi ò sì bá ẹni tó fẹ́ ẹ jà. Ṣùgbọ́n ó ti já ìdáhùn fún wa kí a tó ronú.

Àdàpọ̀ náà ní gírámà tirẹ̀. Ẹ̀dá tí a bá kọ́kọ́ yàn ni olórí, ìdílé tirẹ̀ ni ọmọ máa ń bọ́ sí lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a bá yan Slime ṣáájú ẹyẹ, ọmọ á jẹ́ Hane-suraimu, Slime oníyẹ̀ẹ́. Bí a bá yan ẹyẹ ṣáájú, ìdílé ẹyẹ ni ọmọ á wà. Àwa náà mọ̀ pé ẹyẹ ilé kì í ṣe ilé, ilé ẹyẹ kì í sì í ṣe ẹyẹ. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé olórí ló máa ń kẹ́yìn nínú èdè Japan: suraimu tí a yàn ṣáájú ló gbẹ̀yìn nínú orúkọ ọmọ. A yàn án bí ọmọ Yorùbá, géèmù sọ ọ́ lórúkọ bí ará Japan.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kò nílò Game Boy pàtàkì kankan, torí ẹ̀rọ yẹn kì í ya orílẹ̀-èdè sọ́tọ̀, káàtíríìjì Japan á ṣiṣẹ́ nínú èyíkéyìí. Àtúnṣe tó jáde fún Nintendo 3DS ní 2012 ni kò rọrùn: Japan nìkan ni wọ́n ti tà á, 3DS tí wọ́n rà níbòmíì kò sì ní gbà á. Katakana ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́, torí inú rẹ̀ ni ọfọ̀ wà. Kí ẹ tó mọ bí a ṣe ń pè wọ́n pàápàá, ẹ ti lè máa ka ìlà méjì-méjì yẹn.