Ohun tí ń Mú Kí Ara Ọmọ Tuntun Gan

Bí mo bá ní kí aboyún gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ipá, àwọn kan a máa bi mí ní dìsípẹ́ńsárì pé: kí ló dé tí a kò dúró kí àrùn náà dé ná kí a tó wá oògùn rẹ̀? Ìdí rèé.

Ọpọlọ ní àwọn okùn tín-ín-rín tí ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ara. Ní ìdí okùn kọ̀ọ̀kan ni àwọn àpò wà tí ojú lásán kò lè rí, oje sì kún inú wọn. Bí iṣẹ́ bá dé, awọ àpò a pa pọ̀ mọ́ awọ okùn, méjèèjì a di ọ̀kan, oje a sì tú jáde. Awọ méjì kì í ṣàdédé di ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́. Purotéènì kan wà lára àpò, òmíràn wà lára awọ okùn (ti ẹ̀wà àti ẹyin kọ́ ni mò ń wí o). Wọn a lọ́ mọ́ra bí ẹni ń lọ́ okùn, wọn a sì fa awọ méjèèjì pọ̀. Ní 1998, Axel Brunger, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Reinhard Jahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi ìtànṣán X-ray wo ìlọ́pọ̀ náà fínnífínní. Fọ́nrán mẹ́rin ni wọ́n bá níbẹ̀.

Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé. Abẹ fẹ́lẹ́ tó dọ̀tí, tàbí ìgbẹ́ màlúù tí a fi sí ìwọ́ ọmọ, a gbé e wọlé. Àwọn onímọ̀ ní Ítálì fi hàn ní 1992 pé ńṣe ni oró rẹ̀ ń gé purotéènì ara àpò yẹn. Pàápàá jù lọ, inú àwọn okùn tí ń sọ fún ẹran ara pé kí ó dẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ ibi yìí. Nítorí náà, àṣẹ pé kí ẹran ara le nìkan ni ó kù. Ọmọ tí ó mu ọmú dáadáa ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ kò ní lè mu ún mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ a tẹ̀ bí ọrun, ariwo díẹ̀ a sì mú un gan.

Oògùn ilé ìwòsàn lè ká oró tí ó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kò. Èyí tí ó ti wọ inú okùn, kò lè lé e jáde.

Aboyún tí kò gba abẹ́rẹ́ yìí rí yóò gba méjì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín wọn, kí èkejì sì ṣáájú ìbímọ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ méjì, ó kéré tán. Ààbò rẹ̀ yóò dé ara ọmọ láti inú oyún. Ẹni tí ó ti gbà á tẹ́lẹ̀, kí ó mú káàdì rẹ̀ wá kí a wò ó.