Iléyá ní Banifandou: Báwo lẹ ṣe lè bá arúgbó tí agbára rẹ̀ ń tán lọ ṣọdún?

Ní ọjọ́ Iléyá, èéfín ló máa ń sọ fún àlejò tó bá wọ àdúgbò Banifandou, ní ìlú Niamey, pé ọdún ti dé. Àṣà àwọn ará Niger ni láti na odidi àgbò mọ́ igi, kí wọ́n sì tò wọ́n yí iná ká títí wọn yóò fi jinná. Òórùn rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà kan bá dùbúlẹ̀ sí yàrá tó kọjú sí iná náà, tí èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́, èéfín yìí kan náà lè sọ ọdún di ìnira fún un.

Báwo wáá ni ìdílé, yálà onílẹ̀ tàbí Yorùbá tí òwò gbé débẹ̀, ṣe ń bá àgbà tó lè má rí àmọ́dún ṣe ọdún? A kì í fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu, nítorí "ẹ̀mí yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀" ni ìkíni wa. Ìyẹn gan-an ló máa ń jẹ́ kí ètò pẹ́ jù.

Ṣé ká gbé wọn relé?

Láàárín àwọn Yorùbá, ìbéèrè yìí ló máa ń kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọ̀nà tó gba Gaya kọjá odò Ọya sí Malanville, tó sì gba Parakou lọ, jìn fún ẹni tí kò lè jókòó pẹ́. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, àjọ ECOWAS ní kí wọ́n ti ẹnubodè Niger pa. Nígbà tí wọ́n mú ìjìyà náà kúrò ní oṣù Kejì ọdún 2024, Niger kò ṣí ẹnubodè ti Benin padà. Ẹ ro ti aláìsàn tí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ bá lójú ọ̀nà. Àgbà fúnra rẹ̀ ló yẹ kí ẹ bi, nígbà tó ṣì lè dáhùn, kì í ṣe ọmọ tó wà lórí fóònù ní Èkó.

Ooru, oúnjẹ àti ìrora

Kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, ìdí nìyí tí Iléyá fi ń bọ́ sí oṣù Karùn-ún àti Kẹfà lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ooru oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ní Niamey sì máa ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí Selsiọsi. Arúgbó kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè, kí ẹ máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá lè gbé e mì, ẹ fi aṣọ tútù ra ètè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló máa ń dun ọmọ jù. Ta ló fẹ́ kí ìyá òun má fẹnu kan ẹran ọdún? Ṣùgbọ́n bí ikú bá ń súnmọ́, ara kì í béèrè oúnjẹ púpọ̀ mọ́, oúnjẹ tí a fipá fún aláìsàn sì lè gba ọ̀nà èémí. Omi ẹran ṣíbí méjì, bó bá fẹ́ ẹ, ti tó.

Ní ti ìrora, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń rí ìtọ́jú ìdẹ̀kùn ìrora gbà nínú àwọn tó nílò rẹ̀ lágbàáyé. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa oògùn ṣáájú ọdún. Ilé oògùn tó ń ṣí lọ́jọ́ náà kì í pọ̀.

Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Àìsàn jẹ́ àwáwí tó tọ́ fún ẹni tí kò lè dé yídì. Ìlànà Maliki, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Niger ń tẹ̀lé, sì fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ fún pípa ẹran. Bí òru àìsùn ọdún bá le fún arúgbó, àgbò lè dúró di ọjọ́ kejì.

Ẹ gbé iná jìnnà sí fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí àlejò máa wọlé ní méjì-méjì, kí wọ́n má pẹ́. Owó ọdún tí àwọn ọmọdé ń gbà, ẹ kó o sí ìyá lọ́wọ́ kó fún wọn fúnra rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ṣì ń jáde, ẹ gba àdúrà rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, pẹ̀lú oríkì ìdílé tó lè jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n parí.