Oró Ìsàlẹ̀ Adágún

Ní àwọn abúlé tí ó yí Alákìá ká, lẹ́bàá Ìbàdàn, bí obìnrin bá pọn omi odò sínú amù, kì í jẹ́ kí ọmọdé ti igbá bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi òkè ti tòrò, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni adágún omi rí: púpọ̀ nínú ohun tí afẹ́fẹ́ àti àgbàrá bá gbé wọ inú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni ó ń sùn sí.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, ọdún 1960, ní àkókò ọyẹ́, ìjọba Faransé dán bọ́ǹbù átọ́mù wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà. Ìpayà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí láti Sàhárà ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1961, Nàìjíríà lé aṣojú ìjọba Faransé jáde. Nígbà tí ó di 1964, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn láti máa ṣọ́ ìtànṣán olóró.

Ìtànṣán yìí kò ní òórùn, ojú kò sì rí i, ṣùgbọ́n ó lè wọ ara kí ó dá àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀. Cesium 137 wà lára àwọn ohun tí ń tú u jáde. Bí ó bá bá eruku bọ́ sílẹ̀, òjò a gbá a wọ odò, a sì lẹ̀ mọ́ amọ̀ ìsàlẹ̀ omi. Lẹ́yìn 30 ọdún, ìdajì rẹ̀ péré ni yóò tíì parẹ́.

Ti adágún oníyọ̀ tilẹ̀ le jù. Omi ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ibi gbà jáde. Oòrùn a fa omi gbẹ. Iyọ̀ a ṣẹ́kù, oró a sì ṣẹ́kù pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́mù Chernobyl bú gbàmù ní 1986, àwọn onímọ̀ rí irú oró bẹ́ẹ̀ nínú àwọn adágún oníyọ̀ Crimea, létí Òkun Dúdú. Ní ilẹ̀ Crimea yìí kan náà, àwọn aláìsàn a máa fi ẹrẹ̀ adágún oníyọ̀ para kí oríkèé ríro lè san. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á máa yẹ irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò.

Àwọn àgbà ní ìsàlẹ̀ ọrọ̀ lẹ́gbin. Ẹrẹ̀ amù ṣeé dànù láàárọ̀ kan. Ti ìsàlẹ̀ adágún kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ tí kò mọ ìgbà tí bọ́ǹbù dún ni yóò bá a níbẹ̀. Nítorí náà, kí oró tó bọ́ sínú omi ni à á ti í ṣọ́ ọ.