Bí Àwọn Ará Samsø Ṣe Di Onílé Ẹ̀fúùfù

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ń wí nìyí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé a fẹ́ gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí í pèsè iná mànàmáná kalẹ̀ sí ẹ̀bá oko wọn, nítorí pé ẹ̀rọ náà ga ju ìrókò lọ, apá rẹ̀ ń hó tọ̀sán-tòru, bí oòrùn bá sì wọ ẹ̀yìn rẹ̀, òjìji rẹ̀ a máa ré kọjá lára ògiri onílé. Ṣùgbọ́n ní Samsø, erékùṣù kékeré kan ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, àwọn ará ìlú gan-an ni wọ́n tú àpò wọn kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó dúró.

Ní 1997, nígbà tí Svend Auken ń ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ àyíká àti agbára, ìjọba Dẹ́nmáàkì gbé ìdíje kalẹ̀ láti mọ erékùṣù tí ó lè bọ́ lọ́wọ́ epo rọ̀bì àti èédú láàrin ọdún 10. Samsø ni ó borí, ṣùgbọ́n oyè lásán ni wọ́n fi í jẹ, wọn kò fi kọ́bọ̀ tì í. Àwọn ènìyàn bí 4,000 tí ń gbé ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe àgbẹ̀, kò ka ọ̀rọ̀ náà kún. Wáyà abẹ́ òkun ń gbé iná wá bá wọn láti ìyókù ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ọkọ̀ ojú omi ń já epo fún wọn, kí ni wọ́n tún ń wá?

Ọmọ bíbí ìlú náà kan, Søren Hermansen, ọmọ àgbẹ̀ tí ó tún jẹ́ olùkọ́, ni ó gba iṣẹ́ ìpàrọwà náà ṣe. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò: ibikíbi tí ìpàdé bá ti wà, ìbáà ṣe ti ohun mìíràn pátápátá, Hermansen a yọjú síbẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọtí bíà lọ́wọ́, a sì máa wá àwọn tí ẹnu wọn tó ọ̀rọ̀ kàn, nítorí ó mọ̀ pé bí àwọn wọ̀nyẹn bá gbà, àwọn yòókù yóò tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí ó fi di 2000, ẹ̀rọ 11 ti dúró lórí ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ni ó ni 9, àwọn ará ìlú tí wọ́n ra ìpín sì ni ó ni 2 yòókù. Ní 2003, 10 mìíràn ti wà nínú òkun, ìjọba ìbílẹ̀ sì ni ó ni 5 nínú wọn. Pòròpórò ọkà wọn pàápàá kò ṣòfò mọ́: wọ́n ń tì í ní ìdì ńláńlá sínú iná ìléru, omi gbígbóná a sì gba inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ lọ mú ilé wọn móoru ní ìgbà òtútù. Kí ọdún 10 náà tó pé, iná tí wọ́n ń pèsè ti ju èyí tí wọ́n ń lò lọ, wáyà tí ń gbé iná wọlé tẹ́lẹ̀ sì wá ń gbé e jáde lọ fún títà. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ wọn ṣì ń mu epo. Iná tí wọ́n ń tà ni wọ́n fi ń dí i.

Ní 2008, Dẹ́nmáàkì ṣe òfin pé ẹni tí yóò bá gbé irú ẹ̀rọ yìí kalẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìpín tí kò dín ní ìdá 20 nínú 100 lọ àwọn aládùúgbò. Òfin ìpín náà, tí ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2020, dára, síbẹ̀ àtakò kò tán, nítorí ẹni tí a fi ìyókù lọ̀ lẹ́yìn tí a ti pín ogún tán kì í dúpẹ́ bí ẹni tí ó jókòó níbi ìpín. Ní Samsø, àwọn onílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó.